Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ àti díráìfù tó ń falẹ̀: ẹ wo ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Leeds: Èkìtì Kete, mo kí gbogbo yín o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò mi tó ń ya fídíò òkú àti ìgbéyàwó ní Ìkẹ́rẹ́, ThinkPad T420 ló ń lò, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀. Àmọ́ tó bá dé láti òde ìnáwó lálẹ́ Sátidé tó fẹ́ kó fídíò sórí háàdì díìsìkì tó wà níta, ṣe ló máa ń fà bí ìgbín, iná á lọ kó tó parí, á tún lọ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta epo báyìí. Fídíò ọdún Olósùnta tó yà nìkan tó 200 GB. Ṣé kí n ra díráìfù tuntun ránṣẹ́ sí i ni àbí kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Adó, Houston: Àbúrò, má tíì ra díráìfù kankan o. Díráìfù kọ́ ló ń falẹ̀, ihò USB tó ń kì í bọ̀ ni. USB 2.0 ni gbogbo ihò USB ara T420, 480 Mbit/s (ìyẹn 60 MB ní sẹ́kọ́ǹdù kan) ni wọ́n sọ pé ó lè gbé, àmọ́ tó bá dójú iṣẹ́, 30 sí 40 MB ní sẹ́kọ́ǹdù kan lo máa rí gbà. Tó o bá ṣírò 200 GB lórí ìyẹn, wákàtí kan ààbọ̀ ló máa jẹ, tí fáìlì wẹ́wẹ́ bá sì pọ̀ níbẹ̀ á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kódà kó o ra SSD (díráìfù tí nǹkan kan kì í yí nínú ẹ̀, tó sì yára) tó wọ́n jù lọ, ibi tí ihò yẹn bá mọ náà ló máa mọ.

Sọ fún un kó wo ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù yẹn, á rí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n sábà máa ń ki ike sí i kí eruku má baà wọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra láptọ́ọ̀pù. ExpressCard nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa ẹ̀ ni pé ó so tààrà mọ́ PCI Express, ọ̀nà tó yára tí dátà ń gbà inú láptọ́ọ̀pù, kì í ṣe USB àtijọ́ yẹn ló ń gbà. Tó o bá ki káàdì USB 3.0 (irú USB tó yára ju 2.0 lọ) sí i, ó lè tó 250 MB ní sẹ́kọ́ǹdù kan lórí ìwé, ká ní 150 lo rí gbà, ó ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Háàdì díìsìkì tó ń yí fúnra ẹ̀ sábà máa ń sáré tó bíi 100 MB ní sẹ́kọ́ǹdù kan, torí náà 200 GB yẹn á parí láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí. Iye tí káàdì yẹn máa gbà ò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ díráìfù tó o fẹ́ rà.

Ìyá Ìbejì, Dublin: Ẹ̀gbọ́n, Olúwa á máa ràn yín lọ́wọ́. Mo fẹ́ ra ọ̀kan fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní FUOYE, yunifásítì tó wà ní Ọyẹ́, mo wọ eBay, mo rí èyí tó fẹ̀ mo rí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, èwo ni ká mú?

Ẹ̀gbọ́n Adó, Houston: Ìyá Ìbejì, ẹ kúuṣẹ́ o. Méjì ló wà, 34 mìlímítà àti 54. Èyí tó jẹ́ 34 ni kẹ́ ẹ rà, torí ó wọ inú ihò méjèèjì, àmọ́ 54 ò lè wọ ihò 34 láéláé. Tí 34 bá wà nínú ihò 54, ó lè máa mì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa gbé láptọ́ọ̀pù kiri nígbà tí wọ́n bá ń kó fáìlì.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í rà nìyí, ẹ gbọ́ dáadáa: PC Card àtijọ́, èyí tó ń jẹ́ CardBus, òun náà fẹ̀ tó 54 mìlímítà, ojú lásán ò lè fi tìrọ̀rùntìrọ̀rùn yà á sọ́tọ̀. ExpressCard ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yẹn ya àwòrán nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ fi wo ojú ewé àwọn tó ṣe é kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ CardBus ló ní, 133 MB ni òun ń gbà lórí ìwé, mi ò sì ní gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ náwó lé e lórí àyàfi tí láptọ́ọ̀pù náà bá dàgbà débi pé USB 1.1 ló ní, káàdì USB 2.0 á wúlò fún irú ẹ̀.

Nǹkan kan ṣì kù. Ihò ExpressCard ní ọ̀nà méjì nínú, ti PCI Express àti ti USB 2.0. Àwọn káàdì kan wà tó jẹ́ pé ti USB 2.0 yẹn ni wọ́n ń gbà, ẹ̀rọ tó ń ka mẹ́mọ́rì káàdì pọ̀ nínú wọn. Wọ́n á bá yín tà á, ẹ ò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹ rí i pé wọ́n kọ USB 3.0 sí i, kẹ́ ẹ sì rí orúkọ NEC tàbí Renesas, àwọn tó ṣe ṣípù inú káàdì, níbẹ̀, ìyẹn ni mo fọkàn tán jù.

Ọmọ Ìkọ̀lé, Berlin: Ẹ jẹ́ n fi ti iná kún un, ẹ̀yin ará. 3.3 àti 1.5 fóòtù (volt, ìwọ̀n agbára iná) ni ihò ExpressCard yẹn ń gbé jáde, USB sì nílò 5. Ìdí nìyẹn tí díráìfù míì fi máa ń dún kọ́ kọ́ kọ́ tó sì ń já kúrò láàárín iṣẹ́, wọ́n á ní díráìfù ti bàjẹ́, kò bàjẹ́ o, iná ni ò tó o. Èyí tó ní ihò kékeré fún wáyà iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kẹ́ ẹ rà, wáyà yẹn á lọ sínú ihò USB àtijọ́ láti gba 5 fóòtù wá. Tí káàdì ò bá ní in, ẹ lo họ́ọ̀bù (àpótí kékeré tó ní ihò USB púpọ̀) tó ní iná tiẹ̀.

Àbúrò Ọyẹ́, Toronto: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ṣé T420 ò ní eSATA, ihò míì tó yára fún díráìfù tó wà níta, tẹ́lẹ̀ ni?

Ẹ̀gbọ́n Adó, Houston: Ó ní in, o ṣeun, ọ̀kan nínú àwọn ihò USB yẹn ló jẹ́ eSATA pẹ̀lú. Tí àpótí díráìfù ẹ̀ bá ní eSATA, kó lò ó, kò tiẹ̀ ní nílò káàdì. Àmọ́ wáyà eSATA lásán kì í gbé iná, àpótí yẹn gbọ́dọ̀ ní iná tiẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n fara mọ́ káàdì fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́.

Àbúrò Ọyẹ́, Toronto: Ó yé mi, ẹ ṣé. Tó bá jẹ́ Windows 7 ló wà lórí ẹ̀, ẹ bá a dáwúnlóòdù díráífà (driver, sọ́fúwíà tó ń jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù mọ káàdì) káàdì yẹn sínú fláàṣì láti ibí, torí Windows 8 ló bẹ̀rẹ̀ sí í mọ USB 3.0 fúnra ẹ̀. Linux ti mọ̀ ọ́n láti 2009.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Leeds: Mo ti pè é. Ó fa ike yẹn jáde níṣojú mi lórí fídíò, ExpressCard 34 ni. Mo ti ra èyí tó ní ihò iná, ẹnì kan láti ilé wa ń lọ sílé fún òkú ìyá ẹ̀, á bá mi mú un dání.

Ẹ̀gbọ́n Adó, Houston: O káre. Tó bá rí in gbà, kó kọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú fáìlì tí kò ṣe pàtàkì. Kó sì máa ṣe kọ́pì o, kó má ṣe kọ́ọ̀tì (cut, tó ń kó fáìlì kúrò níbi tó wà), torí tí iná bá lọ láàárín kọ́pì, èyí tó wà nínú kámẹ́rà ṣì wà níbẹ̀. Kó ṣí fídíò yẹn lórí díráìfù, kó wò ó dé ìparí, kó tó pa ti kámẹ́rà rẹ́.