Oògùn àníyàn: èyí tó ń tètè ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé sertraline tàbí escitalopram, àwọn oògùn àníyàn tí à ń lò lójoojúmọ́, kò ṣiṣẹ́ fún wọn, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ti pa á tì. Alprazolam tàbí lorazepam ni èyí tó ń tètè ṣiṣẹ́: láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, àyà tó ń já á ti rọlẹ̀. Sertraline kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí èèyàn tó rí ìyàtọ̀ gidi.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló le jù. Èébì á máa gbé èèyàn, oorun á dá lójú, àníyàn fúnra rẹ̀ tún lè le sí i. Ìdí nìyí tí dókítà tó mọṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ sertraline ní mílígíráàmù 25 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó sún un sí 50. Tí inú bá ń rú, ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ. Tí kò bá jẹ́ kí ẹ sùn, ẹ gbé e sí àárọ̀. Àmọ́ tí èrò àtipa ara ẹni bá yọjú, pàápàá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 25, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń mú mọ́ra o: ẹ kàn sí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó wá ku ti alprazolam. Kì í pẹ́ lára: ní nǹkan bíi wákàtí 11, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ á wá rí i pé àyà ti ń já òun kí àsìkò hóró tó kàn tó tó. Á ní àìsàn ló ń le sí i, á fi kún un. Irọ́ ni, oògùn ló ń tán lára! Bó ṣe ń di bárakú nìyẹn, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kì í fi í fẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Bí ara bá ti mọ́ ọn, ẹ má já a lẹ́ẹ̀kan náà, gìrì lè mú èèyàn. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in. Ẹ má sì fi ọtí tàbí tramadol tì í, ó lè dá èémí dúró.

Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ níwájú èrò nìkan ni wàhálà rẹ̀, propranolol ni kó bi dókítà: mílígíráàmù 10 sí 40, ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n àti àyà tó ń lù kì-kì ló ń mú rọlẹ̀, kì í ṣe èrò ọkàn. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Buspirone, oògùn àníyàn mìíràn, ńkọ́? Àwọn kan ń gbé e jẹ lọ́jọ́ tí ìpayà bá dé, wọn kò sì rí nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, ó sì ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó mú.

Ní ti fífi oògùn sílẹ̀, nínú àwọn oògùn tó jọ sertraline, paroxetine àti venlafaxine ló ń yọni lẹ́nu jù: òòyì, àti ohun kan tó ń ta nínú orí bí iná mànàmáná. Fluoxetine rọrùn, torí ó ń pẹ́ lára. Kí ẹ tó ní àníyàn ti padà, ẹ wo kàlẹ́ńdà: èyí tó bá yọ láàárín ọjọ́ mélòó kan tí ẹ dín oògùn kù, tí òòyì sì bá a wá, oògùn ló sábà máa ń jẹ́. Àìsàn tó ń padà bọ̀ máa ń fi ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù rìn.