Ọjọ́ mẹ́fà ní erékùṣù Boipeba: ta ló ti débẹ̀ rí?

Àdùkẹ́_Manchester

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ọkọ mi ń lọ sí Brazil lóṣù kẹsàn-án. Físà ti jáde, a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. A máa lo ọ̀sẹ̀ kan ní Salvador lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wa kan, lẹ́yìn ìyẹn ó ku ọjọ́ mẹ́fà tá ò tíì mọ ohun tá a máa fi ṣe. Ọkọ mi rí erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Boipeba lórí fóònù rẹ̀, àtìgbà náà ni kò ti jẹ́ kí n sinmi. Ó ní a ò ní gbé àpótí onítáyà rárá, báàgì ẹ̀yìn lásán, ká máa fẹsẹ̀ rìn létí òkun láti abúlé kan bọ́ sí òmíràn, ibi tílẹ̀ bá ṣú wa sí ká sùn síbẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Èmi tí mo máa ń gbé ìrọ̀rí mi lọ ìrìn-àjò.

Ohun tó ń kọ mí lóminú rèé: ọkọ̀ ojú omi máa ń mú mi bì. Láti CMS dé Tarkwa Bay péré, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bì. Yàtọ̀ síyẹn, a ò gbọ́ èdè Potogí kọjá "obrigada", ìyẹn "ẹ ṣé". Àwọn kan tún ní Morro de São Paulo tó wà nítòsí ibẹ̀ ló dùn jù, pé ká pín ọjọ́ náà ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹsẹ̀ ara yín tẹ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Fọ́tò ti tó mi.

Bàbá_Ìbejì

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́ wọ bàálù kọjá òkun lọ rìn nínú iyanrìn, iyanrìn sì kún Ìlàṣẹ. Ẹ tún wá fẹ́ pọn ẹrù bí ẹní pọn ọmọ. Ọlọ́run á ṣọ́ yín o. Mo ti jókòó, mò ń retí àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Àbẹ̀ní_Olóṣùká

Àdùkẹ́, èmi àti ọkọ mi lọ lọ́dún tó kọjá, òru márùn-ún. Wàá rí ìdí tí mo fi ń jẹ́ Olóṣùká níbí tó o bá kà á dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èébì ni ká kọ́kọ́ yanjú. Má wọ katamaráànì, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ tààrà láti Salvador sí Morro. Ó lé ní wákàtí méjì lórí agbami òkun, ẹni tí omi kì í mú gan-an a máa doríkodò nínú rẹ̀. Ọ̀nà tiwa nìyí: ẹ wọ fẹ́rì láti São Joaquim ní Salvador, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ńlá kan, dé Bom Despacho ní erékùṣù Itaparica. Bíi wákàtí kan ni, ilẹ̀ ló yí omi ibẹ̀ ká, kì í fi bẹ́ẹ̀ jù. Ní Bom Despacho, ẹ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ Valença, ó máa gba orí afárá kúrò ní Itaparica, ẹ ó sì jókòó bíi wákàtí méjì. Ní Valença, ẹ wọ bóòtù kékeré tó máa ń sáré. Àárín odò ló ń gbà, àwọn igi tí gbòǹgbò wọn nàró lórí omi bí ẹsẹ̀ akàn wà lọ́tùn-ún lósì. Wákàtí kan, ẹ ti dé. Èmi ń jẹ ẹ̀pà títí a fi gúnlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tètè kúrò ní Salvador, kí aago méje àárọ̀ tó lù, torí bóòtù ìkẹyìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń tètè ṣú. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, òkùnkùn ti dé.

Ẹ ò ní rí takisí ní Boipeba. Katakata wà, ọ̀kadà onítáyà mẹ́rin wà, bárò sì wà. Àwọn ọmọkùnrin oníbárò dúró sí èbúté Velha Boipeba, wọ́n fẹ́ bá wa ti ẹrù. Ọkọ mi kọ̀. Báàgì tiẹ̀ tó kílò 17, tèmi 8. Inú tiẹ̀ ni bàtà mẹ́ta wà, ìwé méjì tí kò ṣí wò títí a fi délé, àti ẹ̀rọ ìgẹrun. Ó ní òun ò lè pe ara òun ní ẹni tó ń fi báàgì ẹ̀yìn rìnrìn-àjò kí ẹlòmíràn wá máa ti báàgì náà nínú bárò. Fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Òru méjì la sùn ní Velha Boipeba nínú pousada, bí wọ́n ṣe ń pe ilé àlejò kékeré. Yàrá kan, fáànù kan, néẹ̀tì ẹ̀fọn. Níbi tá a ti ń jẹun àárọ̀, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri, nọ́ńbà kún inú rẹ̀ bámú. Mo rò pé nọ́ńbà tẹ́tẹ́ ni. Wọ́n ń pè é ní tábua de maré, ìwé tó ń sọ aago tí òkun máa fà àti aago tó máa kún lójoojúmọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tá à ń lọ sí Moreré, abúlé mìíràn ní erékùṣù náà, ìyá onílé nawọ́ sí ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi ní "obrigada", ọkọ mi ní "obrigado", a jáde.

Ìrìn yẹn dára, kí n má purọ́. Láti Boca da Barra, etí òkun Velha Boipeba, ẹ ó gba Tassimirim já sí Cueira, iyanrìn gígùn tí igi àgbọn tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà. Bíi wákàtí méjì, ó pẹ́ tán méjì ààbọ̀, ló yẹ kẹ́ ẹ fi dé Moreré. Odidi ọjọ́ ni àwa lò, torí ní Cueira wọ́n ń se edé ńláńlá kan tí wọ́n ń pè ní lagosta. Ọkọ mi gbọ́ orúkọ náà, ó ní "Lagos tà kẹ̀?", ó ní ará ilé ni, a ò lè kọjá láìkí i. A kí i. Owó ìkíni náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó yàrá wa. Oorun ló tẹ̀ lé e, lábẹ́ igi àgbọn.

Ìgbà tá a fi máa dé odò kékeré tó wà láàárín Cueira àti Moreré, omi tí wọ́n ní kò ní ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ ti mu ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì dé ìbàdí. Òkun ti kún, ó ti wọnú odò. Ká ní a gbọ́n ni, à bá padà lọ wọ katakata tó ń gba inú igbó lọ sí Moreré. Ẹ̀yin ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ o. Àwa ò gbọ́n. Mo tú ìró mi, mo ká a ní òṣùká, mo gbé báàgì mi rù, mo wọ omi. Ẹja ni ìyá mi ń tà ní Ẹ̀pẹ́, èmi ni mo sì máa ń bá wọn ru agbọ̀n ẹja lọ sọ́jà, tí mo máa ń sunkún pé ìtìjú ni. Mo gúnlẹ̀ lódìkejì, okùn báàgì mi kan ò tutù.

Ọkọ mi gbé tiẹ̀ lé èjìká. Ó dé àárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ já sí kòtò. Mi ò ní sọ gbogbo ẹ̀, kí wọ́n má ní mo ń tú àṣírí ọkọ. Bàtà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mumi, ìwé méjèèjì mumi. Inú láílọ́ọ̀nù ni ìwé ìrìnnà wa wà, Ọlọ́run ṣeun.

Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ṣa ìṣáwùrú sínú korobá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ló bá nàka sí orí mi, ó ní "rodilha!" Èmi náà nàka síbẹ̀, mo ní "òṣùká." Ó tún ní rodilha, mo tún ní òṣùká. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn la fi bá ara wa ṣeré títí ọkọ mi fi rápálá jáde nínú omi. Ìyá yìí gba ìró mi, ó ká a bó ṣe mọ̀ ọ́n ká, ó gbé báàgì ọkọ mi tó ń kán tótó rù. Ọkọ mi ń sọ pé rárá, rárá, ìyá ti lọ. Korobá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kan di orí mú títí a fi dé Moreré. Ọkọ mi ń bọ̀ lẹ́yìn, kò fọhùn. Nígbà tá a nawọ́ owó sí i, kò gbà á. Ìró náà ló wù ú. Mo fún un.

Moreré la ti lo òru mẹ́ta tó kù. Tí òkun bá fà, àwọn àpáta inú omi máa ń dá omi dúró bí agbada, ẹja wẹẹrẹ á máa sáré gba àárín ẹsẹ̀ rẹ. Ibi tí Morro ti wọ ọ̀rọ̀ rẹ nìyí. Láti Morro, àwọn bóòtù máa ń kó èrò wá síbẹ̀ lójoojúmọ́: wọ́n á dé, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹun ní Boca da Barra, wọ́n á sì lọ. Tó o bá sùn ní Morro, ìwọ lo máa wà nínú bóòtù yẹn. Tó o bá sùn ní Moreré, tí òkun sì fà láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa ni omi náà kí wọ́n tó dé. Mi ò rí ìdí tí ẹnì kan fi máa pín ọjọ́ mẹ́fà sí méjì. Èmi ì bá sọ ọ́ di méje.

Owó ńkọ́? Ẹ gbé owó bébà láti Salvador, wẹ́wẹ́ pàápàá. Gbogbo ẹni tó ń tajà lẹ ìwé "Pix" sára tábìlì, ètò ìsanwó orí fóònù wọn ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ báńkì ibẹ̀ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní CPF. Alágbọn ò ní ṣéńjì fún ọ láéláé. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, torí iyanrìn lásán ni ojú ọ̀nà inú Moreré, òkùnkùn ibẹ̀ kì í ṣeré. Àwọn kòkòrò wẹẹrẹ kan sì wà létí odò nírọ̀lẹ́, ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí wọn, wọ́n ju ẹ̀fọn lọ. Sòkòtò gígùn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Bahia

Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀ní, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Salvador ni mo wà, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo rí pé ẹ fò. Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ má bẹ̀rù ebi. Moqueca ni ẹ ó máa rí káàkiri, ẹja tí wọ́n fi epo pupa àti omi àgbọn sè. Dendê ni wọ́n ń pe epo. Àkàrà wà, acarajé ni tiwọn, ó tóbi bí ìkúùkù, wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á fi nǹkan kún inú. Tí alákàrà bá bi yín ní "quente?", ata ló ń bi yín o, kì í ṣe pé ṣé ẹ fẹ́ kó gbóná. Òyìnbó máa ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, tí omi á sì bọ́ lójú wọn. Ẹ̀yin ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Abará sì wà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ wa gan-an ni, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń wé e.

Mi ò fi gbogbo ara gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n lórí Morro. Òru kan ò burú fẹ́ni tó fẹ́ jó. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ àlejò ní ẹnu èbúté ibẹ̀, orin ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Ẹni tó ń gbé ìrọ̀rí rìnrìn-àjò, mo ti dákẹ́.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀ gba Itaparica, ẹ ó gbọ́ orúkọ Ponta de Areia. Ibẹ̀ ni Ilê Agboulá wà, ilé Egúngún. Ìjọba Brazil kọ ilé náà mọ́ ara ogún orílẹ̀-èdè wọn lọ́dún 2015. Ọkọ yín á fẹ́ yà síbẹ̀, mo mọ̀. Ẹ má kàn yà síbẹ̀ bí ẹni tó ń lọ wo eré. Ẹni tó mọ̀ wọ́n ló ń múni lọ, fọ́tò ò sì sí. Ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe ń ṣe é nílé.

Bàbá_Ìbejì

Báàgì kílò 17, ìyá oníṣáwùrú bá a gbé e. Ẹ bá mi kí ọkọ yín.

Àdùkẹ́_Manchester

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Mo kà á sókè fún ọkọ mi lánàá. Nígbà tí mo dé ibi kòtò, ó dìde, ó lọ sínú yàrá, ó yọ bàtà kan kúrò nínú báàgì. Ó ku méjì. A ti fẹnu kò pé Boipeba ni gbogbo ọjọ́ mẹ́fà, a ó gba Valença. Mo ti ń wá àwòrán tábua de maré, ó dà bíi tẹ́tẹ́ lóòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀ní, ìbéèrè kan ló kù: kí ni mo lè mú dání tí kò sí níbẹ̀?

Àbẹ̀ní_Olóṣùká

Ìró méjì. Wọn ò ní dá ọ̀kan padà.