Ìyá ọkọ mi fẹ́ wá kó àwọn ọmọ mi torí pé mo ń kọ́ wọn nílé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Mẹ́ta, Kábà:
Ọkun gbogbo ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, èyí tí ojú mi ń rí ti tó. Láti ìgbà tí mo ti yọ àwọn ọmọ mi kúrò níléèwé tí mo ń kọ́ wọn nílé, mi ò sinmi mọ́. Mama ọkọ mi ní Ìsánlú ló wá gbé e dé góńgó. Wọ́n pè mí lórí fóònù, wọn ò kí mi, wọn ò béèrè ara, wọ́n ní kí n di ẹrù àwọn ọmọ sílẹ̀, pé kí kajú tó tán lóko àwọn ń bọ̀ wá kó wọn. Ṣé ẹrù ọjà ni wọ́n ni?

Kì í ṣe òní o. Níbi ìdúpẹ́ ìkórè tó kọjá, lójú gbogbo ẹbí, wọ́n ní ọmọ ẹlòmíràn ń lọ síléèwé, tàwọn ń ṣọ́ ilé. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí mo fi owó ọwọ́ mi ra aṣọ ẹbí fún! Mo gbé e mì. Nínú ìjọ náà, ìyá kan fà mí sẹ́yìn, ó bi mí bóyá ahun ni mí ni àbí a ti ná owó iléèwé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Iléèwé aládàáni tí wọ́n ń lọ (mi ò ní dárúkọ ẹ̀) ní kí òbí kọ̀ọ̀kan mú owó "ìrànlọ́wọ́" wá fún ìdánwò àtiwọ girama. Lọ́jọ́ ìdánwò, tíṣà ń kọ ìdáhùn sójú pátákó, àwọn ọmọ ń dà á kọ. Àkọ́bí mi délé, ó ní, "Mọ́mì, gbogbo wa la máa pàsì." Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an la ka òfin mẹ́wàá níbi àdúrà. Ṣé kí n kọ́ ọmọ ní "má jẹ́rìí èké" láàárọ̀, kí n wá san owó èké lọ́sàn-án? Diutarónómì 6 ní àwa òbí ni ká fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ àwọn ọmọ, nígbà tí a bá jókòó nílé àti nígbà tí a bá ń rìn lọ́nà. Kò ní ká gbé e fún tíṣà.

Wọ́n sì ń kàwé o. Àbíkẹ́yìn mi ń fi kóró kajú ṣe ìṣirò lórí ẹní. Á tò ó ní mẹ́wàá mẹ́wàá, á yí ìkẹwàá sódì kó má baà ṣì í kà. Ta ló kọ́ ọ níyẹn níléèwé?

Báwo ni mo ṣe máa dá Mama lóhùn tí kò ní di àfojúdi? Ẹ yára o.

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ, ẹ jẹ́ á fi sílẹ̀. Tèmi, nígbà tí mo bí àwọn ìbejì, wọ́n ní mi ò mọ ọmọ wẹ̀, wọ́n gbé omi gbígbóná fúnra wọn, wọ́n wẹ̀ wọ́n títí ara ọmọ fi pọ́n. Mi ò sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ló sọ ọ́. Lónìí, tí mo bá dé Àyétòrò, èmi ni wọ́n máa ń fi ẹran tó tóbi jù sí abọ́ fún. Ṣe sùúrù. Jẹ́ kí ọkọ rẹ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Tíṣà Ìyàrá (mo ti fẹ̀yìn tì):
Èmi ò mọ ìgbà tí gbogbo tíṣà di olè. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi di ṣọ́ọ̀kì mú, mi ò kọ ìdáhùn sójú pátákó fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyá yìí, ẹ sọ ti kajú fún wa, ẹ sọ ti aṣọ ẹbí, ẹ ò sọ ọjọ́ orí ọmọ kankan. Ọmọ ọdún mélòó ni àkọ́bí? Kíláàsì wo ló yẹ kó wà? Ta ló ń kọ́ ọ ní álíjébírà? Nígbà wo lẹ yọ wọ́n?

Ìyá Mẹ́ta, Kábà:
Bàbá, ẹ má bínú, mi ò ní gbogbo tíṣà. Èmi náà ní NCE. Èyí tó kọ ọ́ sójú pátákó ni mo ń bá wí, òun àti ọ̀gá tó gba owó lọ́wọ́ wa. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé, mo ń ṣe sùúrù, àmọ́ sùúrù mi ti fẹ́ tán.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Arábìnrin, ẹ má mikàn. Àwọn tó kọ́kọ́ gba Jésù nílẹ̀ Yàgbà, níbo ni wọ́n ti kọ́ ìwé? Nígbà tí Titcombe, míṣọ́nnárì yẹn, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, ṣé kọ́lẹ́ẹ̀jì wà níbẹ̀ ni? Wọ́n kọ́ á-bí-dí kí wọ́n lè ka Bíbélì, àwọn àgbàlagbà tó ti oko dé pàápàá. Ilé ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Iléèwé ayé ló ń ba àwọn ọmọ wa jẹ́. Ẹ dúró lórí ìgbàgbọ́ yín.

Dádì Mẹ́rin, Àbújá:
Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, ẹ parí ìtàn náà. Nígbà tó di 1951, kí ni wọ́n dá sílẹ̀ nílùú yín? Titcombe College. Àwọn míṣọ́nnárì kọ́ iléèwé, àwọn bàbá wa sì ta iṣu kí ọmọ wọn lè wọ̀ ọ́. Ìyá, ẹ lọ wo òfin UBE ti 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ lọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS 3, kó sì parí ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kíní, ìkìlọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kejì, 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, 5,000 tàbí oṣù méjì. Bí Mama bá gba ọ̀nà yẹn wá, kí lẹ máa sọ?

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ máa fi ọlọ́pàá dẹ́rù ba opó Kristi. Àwọn ọmọ tó ń kó kajú lójú pópó láago mẹ́wàá àárọ̀, ta ló ti mú òbí wọn?

Dádì Mẹ́rin, Àbújá:
Opó kẹ̀? Ó lọ́kọ! Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ kẹ́ ẹ tó fèsì. Àti pé ẹni tí wọn ò tíì mú kò ní kóun má jẹ̀bi.

Màmá Mọ̀pà:
Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti ṣe é rí sọ̀rọ̀. Àwa kọ́ ọmọ wa méjì nílé. Ìwé PACE la lò, ìwé ẹ̀kọ́ pẹlẹbẹ ti àwọn Kristẹni. Méjìlá ni fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́dún, ọmọ á máa kọ ìdáhùn sínú ẹ̀ fúnra rẹ̀, bó bá tán á ṣe ìdánwò. Torí inú ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, àbúrò ò lè jogún ẹ̀, owó mìíràn ni. Èmi jókòó tì wọ́n láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Àdúrà àti Bíbélì kì í gba ipò ìṣirò nílé wa. Mo tún ní rẹ́jísítà, mo kọ ohun tí a ṣe lójoojúmọ́ síbẹ̀.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí ọmọ mi fẹ́ ṣe NECO ti ẹni tí kò sí níléèwé, kò tíì fọwọ́ kan burẹ́ẹ̀tì, gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn omi kẹ́míkà, rí láyé ẹ̀. A bẹ tíṣà kẹ́mísírì kan, ó ń mú un wọ láàbù lọ́jọ́ Sátidé, a ń sanwó. Bákan náà, iléèwé ni wọ́n ti ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò JSS 3, ẹ gbọ́dọ̀ bá iléèwé kan sọ ọ́ ṣáájú. Nítorí náà, ìbéèrè Tíṣà kì í ṣe èébú: ọjọ́ orí wọn ńkọ́? Ìwé wo lẹ ń lò? Ta ló ń jókòó tì wọ́n?

Ìyá Ìbejì:
Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Mo ti ní kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ ò dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n Búnú:
Ẹ bi ọkọ yín. Ọkọ ni orí ilé. Ẹ jẹ́ kó bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìyá Mẹ́ta, Kábà:
Ẹ fẹ́ràn ìbéèrè o. Bàbá wọn wà ní Àbújá, iṣẹ́ kọ́lékọ́lé ló ń ṣe, ìparí oṣù ló ń wálé. Ó ní kí n ṣe é bí mo bá ṣe rí i. Ìyẹn ni pé ó fọwọ́ sí i. Àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, èkejì mẹ́sàn-án, àkọ́bí méjìlá, ó máa pé mẹ́tàlá láìpẹ́.

Màmá Mọ̀pà, mo gbóríyìn fún yín, àmọ́ ẹ̀yin lè ti ṣọ́ọ̀bù pa. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. A máa ń gbàdúrà láago márùn-ún àbọ̀, mo máa ń ka Bíbélì pẹ̀lú wọn, mo fún wọn níṣẹ́, mo lọ sọ́jà. Àkọ́bí ló ń bójú tó àwọn àbúrò ẹ̀ títí mo fi dé. Ó mọ̀ ọ́n kọ́. Ẹ ò rí i bó ṣe ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ṣì! Òun ló tiẹ̀ kọ́ èyí ẹ̀yìn ní kóró kajú yẹn.

Tíṣà Ìyàrá (mo ti fẹ̀yìn tì):
Háà. Òun ni tíṣà nìyẹn. Ta wá ni tíṣà tiẹ̀?

Dádì Mẹ́rin, Àbújá:
Ọmọ ọdún méjìlá ni ọ̀gá iléèwé, ẹ wá ní kí Mama má sọ̀rọ̀.

Ìyá Mẹ́ta, Kábà:
Dádì Mẹ́rin, ẹ rọra. Àkọ́bí obìnrin wo ni kì í tọ́jú àbúrò nílẹ̀ Okun? Bẹ́ ẹ ṣe dàgbà nìyẹn.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ dúró ná. Ohun kan ò yé mi. Mama wà ní Ìsánlú, ẹ̀yin wà ní Kábà. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀hún láti ìgbà ìkórè, wọn ò sọ pé àwọn ń bọ̀. Kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí? Ta ló sọ kí ni fún wọn?

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Èṣù ni. Ó mọ ìgbà tó yẹ kó lo ẹbí.

Ìyá Mẹ́ta, Kábà:
Kì í ṣe èṣù. Àkọ́bí mi ló kọ lẹ́tà sí wọn. Ó fi rán ìyá kan tó wá ná ọjà Kábà, kò sọ fún mi. Mama ló ka díẹ̀ fún mi lórí fóònù. Ó ní òun fẹ́ wọ yunifọ́ọ̀mù, pé àwọn ọ̀rẹ́ òun ti wà ní JSS 2, pé bí òun bá béèrè nǹkan tí kò yé òun, kò sẹ́ni tí òun máa bi. Ó ní kí Mama má sọ pé òun ló sọ ọ́.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí náà. Mama, tó jẹ́ Bíbélì Yorùbá nìkan ni wọ́n ń kà, wọ́n kà á láì dúró. Àmì orí, àmì abẹ́, kò fo ọ̀kan. Ojú ìwé kan ààbọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ mú ọmọ JSS 2 kan wá tó lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Màmá Mọ̀pà:
Ìyá, mo gbà pé ẹ kọ́ ọ dáadáa. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi lè sọ ohun tó ń dùn ún. Éfésù 6 ní ká má mú àwọn ọmọ wa bínú, ẹsẹ kan náà ló ní ká tọ́ wọn nínú ẹ̀kọ́ Olúwa. Ẹ má na ọmọ yẹn torí lẹ́tà o. Ṣé ẹ ò tíì nà án?

Ẹ̀gbọ́n Búnú:
Ó yẹ kó jẹ ẹgba méjì torí pé ó gba ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n mú un lọ síléèwé.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Ọmọ tó sáré lọ bá ìyá àgbà ẹ̀, ta ló kù tó fẹ́ kó sáré lọ bá? Ẹ pe Mama kẹ́ ẹ kí wọn. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kí wọn.

Tíṣà Ìyàrá (mo ti fẹ̀yìn tì):
Kò tíì bàjẹ́. Ẹ mú un lọ sí iléèwé ìjọba, JSS ò gba owó iléèwé. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti àbájáde ìdánwò àtiwọ girama dání. Wọ́n lè dán an wò ní Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Bó bá ṣe dáadáa, wọ́n lè gbà á sí JSS 2. Bí kò bá ṣe é, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti JSS 1, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Bíbélì ń bọ̀ wá bá a nílé nírọ̀lẹ́.

Ìyá Mẹ́ta, Kábà:
Àbájáde yẹn ni wọ́n kọ sójú pátákó, Bàbá. Mi ò ní mú ìwé èké lọ síbi kankan. Kí wọ́n dán an wò ní tiẹ̀, ohun tó bá mọ̀ ni kó sọ.

Àwọn méjì tó kù ò kúrò nílé o, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́. Mo máa bá ẹni tó ń bá mi tajà sọ̀rọ̀ kó máa ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Mi ò tíì nà án, Màmá Mọ̀pà. Mama ni mo máa pè lálẹ́ yìí, bó bá ti di ọ̀la ọkàn mi á tún yí.

Bàbá Tíṣà, nínú ìṣirò, kí ni wọ́n máa ń béèrè jù lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọ JSS 2?

Tíṣà Ìyàrá (mo ti fẹ̀yìn tì):
Ìdá, ìdá ọgọ́rùn-ún, àti ìdọ́gba kékeré tó ní lẹ́tà x. Ẹ fún un ní ìdá lálẹ́ yìí. Kí ẹlòmíràn jókòó ti àwọn àbúrò.