Kí ni kí n ṣe sí báàgì òde tó kún ilé mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Báàgì tí wọ́n ń pín lóde àríyá ti kún ilé mi. Látìgbà tí ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní oṣù keje ọdún 2025, mo ń kó díẹ̀ nínú wọn lọ sọ́jà, mo fi ń ra ata àti ẹ̀fọ́. Èyí tó ń dà mí láàmú ni àwọn tí wọ́n tẹ fọ́tò olóògbé sí lára: "Ó dàárọ̀ o, Màmá", ìyá àgbà nínú gèlè, tó ń rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi ò gbà kí n da ìdọ̀tí sínú ẹ̀. Mi ò sì fẹ́ dáná sun ún. Ó jọ aṣọ lójú, àmọ́ ọ̀rá ni, èéfín rẹ̀ ò dáa fún àwọn ọmọ. Ṣé aránṣọ lè yí inú ẹ̀ síta, kó tún un rán? Àbí àwọn aláta á gbà á lọ́wọ́ mi? Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin ń ṣe sí tiyín?