Ẹ gbà mí o, láptọ́ọ̀pù mi yadi látọjọ́ Ẹtì

Àǹtí Tíṣà: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi ọkùnrin ló yọ Windows kúrò lórí láptọ́ọ̀pù mi lọ́dún tó kọjá, ó ní ó ń wọ́ bí ìgbín, ó fi Linux Mint sí i, ó búra pé n ò ní rí wàhálà mọ́. Látọjọ́ Ẹtì, kò dún. YouTube ò dún, Zoom ò dún, orin tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé sórí ẹ̀ ò dún. Ọmọ méje ni mò ń kọ́ ní Yorùbá lórí Zoom, Lọ́ńdọ́nù ni gbogbo wọn wà, ní Sátidé wọ́n kàn ń la ẹnu wọ́n ń pa á dé bí ẹja, n ò gbọ́ nǹkan kan, ìyá ọ̀kan nínú wọn wá bi mí lórí WhatsApp pé ṣé mo ti sùn ni. Mo pe àbúrò mi, ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Lánàá tó jẹ́ Àìkú ó tún ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ wo nìyẹn? Ẹ má sọ pé kí n padà sí Windows o, mi ò lówó ẹ̀.

Ọmọ Ìkẹjà: Ẹ kú ìrọ́jú àǹtí. Mint èwo ni? 21 ń lo PulseAudio, 22 ti bọ́ sórí PipeWire, àwọn ló ń darí ohùn nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣí terminal, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ inxi -A kó fi káàdì ohùn hàn, ẹ kọ ohun tó bá gbé jáde síbí.

Bàbá Ìbejì: Ẹ ti wo fólúùmù ṣá?

Àǹtí Tíṣà: Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò kì í ṣe ọmọdé. 100 ló wà.

Àgbà Ubuntu: Ẹ̀yin ò tíì rí ìyà. 2008 tí Ubuntu 8.04, Linux mìíràn, gbé PulseAudio wọlé, bí mo bá ń gbọ́ orin, Skype ò ní dún, bí Skype bá dún, orin á dákẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àdá bẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn.

Délé Fedora: Ẹ pa Mint tì jàre. Fedora, Linux mìíràn, ti ń lo PipeWire láti ẹ̀yà 34, ní 2021.

Bàbá Ìbejì: Ilé èèyàn ń jò, o ní kó lọ kọ́ òmíì. Kó tó gbé Fedora sí i tán, kíláàsì Sátidé tó ń bọ̀ á ti kọjá.

Ìyá Ọlọ́jà: HDMI, okùn tẹlifíṣọ̀n, ló gbé ohùn tèmi lọ. Mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo tú u, ohùn ò padà wálé. Ẹ wo Output nínú Sound Settings.

Àǹtí Tíṣà: 22 ni. Inxi gbé káàdì Intel jáde àti dráífà ẹ̀, snd-hda-intel, ó ní PipeWire wà ní active. Ẹnì kan ní kí n tẹ systemctl --user restart pipewire pipewire-pulse wireplumber, mo tẹ̀ ẹ́, pàbó. Mi ò so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kankan, iná gan-an ò sí.

Bàbá Ìbejì: Ẹ tún fólúùmù yẹn wò.

Ọmọ Ìkẹjà: Ó dáa, ó rí káàdì ẹ̀. Ẹ tẹ sudo apt install pavucontrol, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ohùn ni, ẹ ṣí i, ẹ lọ sí Output Devices. Bí orin bá ń lọ, ṣé ìlà tó wà níbẹ̀ ń jó? Kí ni wọ́n sì kọ sí Port?

Àǹtí Tíṣà: Ìlà ń jó dáadáa, ìyẹn ló ń bí mi nínú. Port ní Headphones, plugged in. Irọ́ ló ń pa, íápíìsì kankan ò sí níbẹ̀.

Ọmọ Ìkẹjà: Àǹtí, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo inú ihò yẹn.

Àǹtí Tíṣà: Ẹ ò kúkú bi mí tẹ́lẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ lálẹ́, láptọ́ọ̀pù já bọ́ látorí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbẹ́ tí íápíìsì wà ló fi balẹ̀, íápíìsì ṣẹ́. Mo rò pé mo ti gbá orí ẹ̀ dànù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó, nǹkan kan ń dán bíi wúrà nísàlẹ̀ ihò, kò ju orí ìṣáná lọ.

Ìyá Ọlọ́jà: Háà! Ó já bọ́, ẹ wá ń bú ọmọ ọlọ́mọ káàkiri!

Àgbà Ubuntu: Ẹ kán súpàgúlù sórí igi tín-ín-rín, ẹ fi fà á jáde.

Ọmọ Ìkẹjà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, bí gúlù yẹn bá kan ẹ̀gbẹ́ ihò, ó parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ káwọn tó ń tún un ṣe yọ ọ́ fún wọn. Àǹtí, orí íápíìsì yẹn ló ń tan láptọ́ọ̀pù jẹ pé íápíìsì ṣì wà níbẹ̀. Níbi Port yẹn, ẹ yan Speakers, bó tiẹ̀ kọ unplugged. Bí kò bá dún, ẹ tẹ alsamixer ní terminal, ẹ tẹ F6, ẹ yan HDA Intel tí kì í ṣe HDMI. Bẹ́ ẹ bá rí MM lábẹ́ Speaker, wọ́n dí i lẹ́nu nìyẹn, ẹ tẹ M kó di OO. Ẹ wá lọ sápá ọ̀tún, ẹ sọ Auto-Mute, tó ń pa Speaker lẹ́nu bí íápíìsì bá wà níbẹ̀, di Disabled.

Àǹtí Tíṣà: MM ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo tẹ M, ó DÚN! 100 tí mo fi fólúùmù sí, ó bú jáde, ọmọ tó ń sùn ta gìrì. Ọlọ́run á bá mi ṣe é fún yín.

Ọmọ Ìkẹjà: Àmín. Ẹ tẹ sudo alsactl store kó má gbàgbé, kẹ́ ẹ sì dán máìkì wò kó tó di Sátidé.

Ìyá Ọlọ́jà: Ó wá ku àbúrò. Ẹ pè é, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́.

Àǹtí Tíṣà: Kó kọ́kọ́ gbé ìpè mi ná.