Èsì lórí “ìkọ̀sídíìsìkì”: ohùn ìsàlẹ̀ yẹn kò yẹ níbẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n wa tí ó ń gbé ní Sùúrùlérè dábàá pé kí a pe iṣẹ́ tuntun tí àwọn ọmọ Yábàá fi kún ètò kọ̀ǹpútà wọn, èyí tí ń kọ dátà sórí díìsìkì gan-an láìgba ọ̀dọ̀ ètò fáìlì (èyí tí ń ṣètò ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà) kọjá, ní “ìkọ̀sídíìsìkì”. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ “kọ̀” yẹn.

Ẹ̀gbọ́n ní inú “akọ̀wé” ni àwọn ti mú un. Ohùn ìsàlẹ̀ inú “kọ̀wé” kì í ṣe ti “kọ”, ti “ìwé” ni. Ìpajẹ mú fáwẹ́lì lọ, ohùn rẹ̀ ló kù tí ó bà lé orí “kọ”. Níbi tí kò ti sí “ìwé”, kí ni ohùn náà ń wá? Àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974, ta ló pè é ní “àkọ̀tọ́” rí?

“Kọ̀” tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀, ti kí a má gbà ni, kì í ṣe ti kí a kọ nǹkan sílẹ̀ bí ìwé. Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni bàbá mi ní Èbúté-Mẹ́ta. Bí wọ́n bá ń kọ “Ìkọ̀sílẹ̀” sẹ́yìn fáìlì tọkọtaya, wọn a fi gègé fa àmì náà nípọn, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á sí ìkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ lásán. Mo mọ̀ pé “kọ̀” ń di “kọ” níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, bí a ti ń sọ pé ọkùnrin kan kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn gan-an tí ọ̀rọ̀ tí a bá ṣẹ̀dá fi gbọ́dọ̀ dá yàtọ̀.

Iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ kò gba àṣìṣe. Ojú mi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe fẹ́ kọ Linux (ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà) sórí fíláàṣì ní Computer Village, Ìkẹjà, tí ó tẹ /dev/sda, orúkọ díìsìkì inú kọ̀ǹpútà náà, dípò /dev/sdb, orúkọ fíláàṣì. Kọ̀ǹpútà kò bi í léèrè ohunkóhun. Báìtì 512 àkọ́kọ́, níbi tí ìlànà pípín díìsìkì náà wà, ni ó kọ́kọ́ kọ nǹkan mìíràn lé lórí, iṣẹ́ oníbàárà sì bá a lọ. Létà kan ṣoṣo ni.

“Ìkọtààrà-sí-díìsìkì” ni èmi fara mọ́: “ì-” nítorí pé ìṣe ni, “àkọ-” yóò di ohun tí a ti kọ. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n fẹ́ “àwo” dípò díìsìkì kò tíì sọ ibi tí àwo wà nínú SSD (díìsìkì òde òní tí kò ní ohun tí ń yí nínú) fún mi, n kò sì ní gbà títí wọn yóò fi sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ àmì yẹn kúrò kí àwọn ọmọ náà tó tẹ̀ ẹ́ sínú ètò wọn.