Ẹ gbà mí o, Malpensa di ọ̀la, mi ò gbọ́ èdè Ítálì

Àbíkẹ́ Bergamo: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ọ̀la ni bààlù mi máa gbéra ní Malpensa, pápákọ̀ òfurufú Milan, ó gba Istanbul lọ sí Èkó. Ọdún méjì tí mo ti lò níbí, Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ níbi iṣẹ́ mi. Kí ni mo máa wí níwájú káńtà? Báwo ni mo ṣe máa bi wọ́n bóyá Èkó tààrà ni ẹrù mi ń lọ, àbí Istanbul ni màá ti gbà á? Àpótí kan ti wọn kílò 25. Àyà mi ń já.

Bọ̀dá Torino: Fọkàn balẹ̀. "Buongiorno, devo fare il check-in per Lagos" (ẹ káàárọ̀, mo fẹ́ ṣe check-in lọ sí Èkó). Na pásípọ́ọ̀tù àti permesso (ìwé ìgbélùú) sí wọn pa pọ̀, má dúró kí wọ́n tó bèèrè. Tó bá jẹ́ pé permesso wà ní rinnovo (wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun), mú ricevuta (rìsíìtì rẹ̀) dání pẹ̀lú èyí tó ti scaduto (tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá). O ṣeun tí o gba Istanbul. Ricevuta rinnovo kì í gbé èèyàn kọjá ní Frankfurt tàbí Paris. Tíkẹ́ẹ̀tì tó jóná ló kọ́ mi.

Ìyá Ìbejì Padova: Wọ́n á ní "È fuori peso" (ó ti wúwo jù), tàbí "Ci sono due chili in più" (ó fi kílò méjì lé). "Kíli" ni kí o pè é o, kì í ṣe "ṣíli". Ìwọ náà ní "Posso togliere qualcosa?" (ṣé mo lè yọ nǹkan kúrò?), kí o bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o kó kílò méjì sínú báàgì ọwọ́. Má kó òróró ólífì síbẹ̀: olómi tó ju 100 ml lọ lè bá wọn sùn níbi àyẹ̀wò Istanbul. Power bank ni kó bọ́ sí báàgì ọwọ́. Tó bá jẹ́ owó lo fẹ́ san, "Quanto pago per l'eccedenza?" (èló ni màá san fún èyí tó lé?)

Ọmọ Ìjẹ̀bú Brescia: Ìbéèrè tó ń kó bá èèyàn ni "Ha fatto Lei la valigia?" Má wo ẹ̀yìn wò pé obìnrin wo ni. Lei máa ń jẹ́ "obìnrin yẹn", àmọ́ níbí yìí, "ẹ̀yin" ni. Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo di ẹrù ni wọ́n ń bi ọ́. "Sì, l'ho fatta io" (bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo dì í). "No" kan ṣoṣo ni mo sọ, wọ́n tú àpótí mi palẹ̀.

Àǹtí Roma: "No" kọ́ ló ń kó bá èèyàn, "sì" ni! Tó bá nawọ́ sí báàgì ọwọ́ rẹ, tó ní "Lo imbarchiamo?" (ṣé ká kó o sínú bààlù?), tí o bá dáhùn "sì", báàgì ti wọ ikùn bààlù nìyẹn, tòun toògùn, tòun ti kọ̀ǹpútà. "No, lo tengo con me" (rárá, ọwọ́ mi ni yóò wà) ni kí o sọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Brescia: Àǹtí mi, ẹ má bínú, imbarco ni kí èèyàn wọ bààlù. Ṣebí ohun tí wọ́n kọ sára carta d'imbarco (boarding pass) nìyẹn.

Àǹtí Roma: Àbúrò, èèyàn nìyẹn. Ẹrù ni mo ń wí. Tí wọ́n bá ti imbarcare ẹrù, o di ibi tí ẹrù ń yí lórí nastro kí o tó tún fojú kàn án.

Bọ̀dá Torino: Àǹtí jàre. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Lei náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá pe òṣìṣẹ́ ní "tu", ó dà bí ìyàwó tó pe ìyá ọkọ ní "ìwọ".

Alàgbà Palermo: Malpensa! Ẹ gbọ́ orúkọ náà ná. Mal pensa, èrò burúkú.

Àǹtí Roma: Ẹ bá mi sọ fún wọn. Ní Roma tiwa, láti ibùdókọ̀ Termini, ìṣẹ́jú 32 ni ọkọ̀ ojú irin Leonardo Express fi ń dé pápákọ̀ òfurufú Fiumicino.

Ìyá Ìbejì Padova: Bàbá Palermo, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́kọ́ wọ bààlù lọ wọ bààlù?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Brescia: 😂😂 Àbíkẹ́, wò ó bóyá sciopero (ìyanṣẹ́lódì) wà lọ́la o. Bí ó bá tilẹ̀ wà, bààlù tó bá bọ́ sí aago 7 sí 10 àárọ̀, òfin ń dáàbò bò ó, tìrẹ sì bọ́ sí i. Ti ọkọ̀ ojú irin tó máa gbé ọ débẹ̀ ni kí o tètè wò.

Alàgbà Palermo: Tí o bá dé Èkó, bá mi jẹ àgbàdo sísè pẹ̀lú àgbọn. Ibí yìí, inú agolo ni wọ́n ń kó o sí.

Ìyá Ìbejì Padova: Búrẹ́dì Àgége gbígbóná! Ẹnu mi ti ń dá itọ́.

Àbíkẹ́ Bergamo: Ẹ ṣé gan-an, mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ti ẹrù tó ń lọ Èkó tààrà yẹn ńkọ́?

Alàgbà Palermo: "Scalo" (ibi tí a ti ń yà kí a tó dé ibi tí à ń lọ) ni wọ́n ń pe Istanbul yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Brescia: Gàrí Ìjẹ̀bú, kílò méjì, èyí tó kan dáadáa o.